Bakitéríà Inú Ìfun tó ń Fa Ìgbẹ́ Gbuuru ní Ilé-Ifẹ̀

Bakitéríà inú ìfun tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru ní Ilé-Ifẹ̀ jẹ́ oríṣiríṣi kòkòrò àìfojúrí tó ń gba ẹnu wọlé, tó ń gbé inú ìfun, tó sì ń bá ìgbẹ́ jáde. Wọ́n a máa dá àwọn kan dùbúlẹ̀ àìsàn, pàápàá àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Àwọn mìíràn a sì máa gbé wọn kiri ìlú láìjẹ́ pé inú run wọ́n rárá. Àwọn tó gbajúmọ̀ nínú wọn ni ẹ̀yà Escherichia coli mélòó kan (E. coli ni a ó máa pè é níhìn-ín), Shigella, Salmonella, Campylobacter àti Vibrio cholerae tó ń fa onígbáméjì.

E. coli ni wọ́n ti tú ìdí rẹ̀ wò jù nínú gbogbo wọn ní Ifẹ̀. Láti ọdún 1986, nígbà tí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣì ń jẹ́ Yunifásítì Ifẹ̀, ni wọ́n ti ń yọ E. coli inú ìgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ara wọn dá ṣáṣá, tí wọ́n ń dán oògùn wò lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá yẹ ìgbẹ́ àwọn ọmọdé, àwọn àgbàlagbà àti àwọn ìyá pẹ̀lú ọmọ wọn wò. Ẹ̀kọ́ tó tara iṣẹ́ wọ̀nyí jáde ni pé inú ẹni tí kò ṣàìsàn ni ibùba kòkòrò yìí, ibẹ̀ náà ló sì ti ń kọ́ bí oògùn kò ṣe ní í ràn án mọ́.

Orúkọ àti ìtumọ̀

Ohun tí ojú rí ni Yorùbá fi sọ àwọn àrùn wọ̀nyí lórúkọ. Ìgbẹ́ gbuuru ni èyí tó ń tú jáde bí omi. A tún ń pè é ní àrunṣu. Bí ikun tàbí ẹ̀jẹ̀ bá bá a jáde, ìgbẹ́ ọ̀rìn ni. Onígbáméjì ni èyí tó ń mú ènìyàn bì, tó tún ń mú un yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ni pé igbá kan wà fún èébì, igbá kan wà fún ìgbẹ́. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun ni èyí tí àwọn ará ìlú mọ̀ sí táífọ́ọ̀dù.

Lójú Àjọ Ìlera Àgbáyé, ẹni tó bá yàgbẹ́ ṣíṣàn lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wákàtí 24 ti ní ìgbẹ́ gbuuru. Bí ó bá pé ọjọ́ 14 tí kò tíì dá, ó ti di èyí tó wọra, ewu rẹ̀ sì pọ̀ fún ọmọ tí kò jẹun kánú tẹ́lẹ̀.

Orúkọ ìbílẹ̀ kan kò dúró fún kòkòrò kan ṣoṣo. E. coli lè fa gbuuru lára ọmọ kan, kí ẹ̀yà rẹ̀ mìíràn fa ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ lára ọmọ kejì. Shigella tí a mọ̀ mọ́ ìgbẹ́ ọ̀rìn sì lè fi gbuuru lásán bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá tún ní gbólóhùn kan tí wọ́n fi ń tu ara wọn nínú: «Eyín ló ń yọ.» Ó yẹ kí a là á yé ara wa. Nǹkan bí oṣù kẹfà tí eyín ń yọ yìí náà ni ọmọ ń kọ́ ìrákòrò, tó ń he ohun tó bá rí nílẹ̀ sẹ́nu, tí wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lógì. Eyín àti kòkòrò jọ pàdé lẹ́nu ọmọ ni. Ìyá tó bá gbà pé eyín ni kì í tètè wá nǹkan ṣe sí i, ibẹ̀ ni ewu wà.

Ìlú àti omi rẹ̀

Ilé-Ifẹ̀ wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Agbo ilé àtijọ́ yí Ẹnuwá ká. Sábó àti Modákẹ́kẹ́ kún fún èrò. Ọgbà yunifásítì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ní adágún omi tirẹ̀ lórí odò Ọ̀pà. Nínú ìgboro, kànga ni ọ̀pọ̀ ilé gbójú lé, wọ́n a sì máa fi omi inú ọ̀rá tí a ń pè ní píọ̀ wọ́tà kún un.

Nínú ọgbà kan náà tí kànga wà ni ṣáláńgá sábà máa ń wà. Bí òjò bá rọ̀ tí ilẹ̀ mu omi yó, ohun tó wà nínú ṣáláńgá a máa rọra jò lọ sínú kànga tó bá sún mọ́ ọn, àgàgà tí kànga náà bá wà ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Kànga tí a mọ etí rẹ̀ sókè tí a sì fi ìdérí bò náà lè gba kòkòrò lọ́nà mìíràn: ike ìfami àti okùn rẹ̀ tí a jù sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí adìyẹ tẹ̀, tí ọmọdé fi ṣeré, tí a tún wá sọ padà sínú omi.

Àwọn bakitéríà náà

*E. coli*

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìfun ènìyàn tí E. coli kò sí. Láàárín ọjọ́ mélòó kan tí a bá bí ọmọ ló ti ń wọ inú rẹ̀ lọ, láti ara ìyá rẹ̀ àti láti ara àwọn tó ń gbé e. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í ṣe ibi. Àwọn kan tilẹ̀ ń bá wa ṣe fítámì K. Àwọn tó ń fa àrùn ni èyí tó ti gba jíìnì àfikún: ohun ìlẹ̀mọ́ tí wọ́n fi ń dì mọ́ ara ìfun, àti oró tí wọ́n ń tú sílẹ̀.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí a bá fi ìgbẹ́ díẹ̀ ra orí àwo tí wọ́n ń pè ní MacConkey agar, tí a fi í síbi tó móoru tó ìwọ̀n 37 mọ́júmọ́, E. coli á hù lórí rẹ̀ róbótó-róbótó, á sì pọ́n bí ẹni pé wọ́n ta osùn sí i. Èyí tí kì í ṣe ibi pọ́n bẹ́ẹ̀. Èyí tó lè pa ọmọ náà pọ́n bẹ́ẹ̀. Láàbù tí kò bá ní ohun èlò ju àwo yìí lọ kò lè sọ èwo ni èwo. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn fi ń kọ ọ́ sínú ìwé àyẹ̀wò pé àwọn rí E. coli, tí ọ̀rọ̀ náà kò sì wúlò fún aláìsàn.

Ẹ̀yà márùn-ún ni a ó mẹ́nu bà.

ETEC ni olóró. Oró méjì ló ń tú, ọ̀kan ń jẹ́ LT, èkejì ST. LT jọ oró onígbáméjì púpọ̀. Wọn kì í dá egbò sí ìfun. Wọ́n kàn ń pàṣẹ fún un pé kó máa da omi àti iyọ̀ ara sílẹ̀ ni. ETEC wà lára ohun tó ń mú àwọn àlejò, títí kan àwọn ọmọ Yorùbá tó bá ti òkè òkun wá sílé fún ọdún, tí ìgbẹ́ gbuuru fi ń gbá wọn mú láàárín ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní.

EPEC ń mú àwọn ọmọ ọwọ́. Ó ń fá irun tíntìntín orí ìfun lulẹ̀, oúnjẹ kò sì ní í ráyè wọ ara.

EIEC jọ Shigella débi pé jíìnì wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ó ń wọ inú ẹran ara ìfun, ó sì lè fa ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀.

EHEC ń gbé inú ìfun màlúù. Oró Shiga rẹ̀ lè ba kíndìnrín jẹ́.

EAEC ni ó gba iṣẹ́ jù lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ Ifẹ̀. Láti mọ̀ ọ́n, wọ́n a da E. coli tí wọ́n yọ nínú ìgbẹ́ sórí sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí wọ́n ń tọ́jú nínú láàbù, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ HEp-2. Wọ́n a fi wọ́n sílẹ̀ fún nǹkan bí wákàtí mẹ́ta kí kòkòrò náà lè lẹ̀. Wọ́n a wá ṣan sẹ́ẹ̀lì náà léraléra kí èyí tí kò lẹ̀ mọ́ ọn bá omi lọ, wọ́n a pa á láró, wọ́n a sì gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù. Bó bá jẹ́ E. coli lásán, díẹ̀ ni yóò kù níbẹ̀, káàkiri. Bó bá jẹ́ EAEC, wọn yóò to ara wọn lé ara wọn bí búlọ́ọ̀kù tí bíríkìlà tò, lórí sẹ́ẹ̀lì àti lórí gíláàsì tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan kò ní í ṣì í mọ̀ mọ́.

Inú ìfun náà ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Fọ́nrán tíntìntín ló fi ń lẹ̀ mọ́ ògiri ìfun. Ó ń mú kí ìfun yọ ikun, ó ń wọ inú ikun náà pamọ́, ó sì ń tẹ̀dó síbẹ̀. Orí plasmid ni ọ̀pọ̀ jíìnì tó ń fi ṣe iṣẹ́ yìí wà, ìyẹn òrùka DNA kékeré tí bakitéríà kan lè fi ta èkejì lọ́rẹ. Jíìnì kan tó ń jẹ́ aggR ni ọ̀gá tó ń darí àwọn tó kù. Nítorí bí ó ṣe ń tẹ̀dó yìí, EAEC wà lára àwọn tí wọ́n máa ń rí nínú ìgbẹ́ gbuuru tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì.

*Shigella*

Shigella ni ó ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ìgbẹ́ ọ̀rìn ọmọdé. Kò nílò kó pọ̀ kó tó ṣọṣẹ́: mẹ́wàá sí ọgọ́rùn-ún péré tó láti mú ènìyàn, nígbà tí ETEC máa ń nílò àìmọye mílíọ̀nù. Ìdí nìyí tí ọwọ́ lásán fi tó láti gbé e láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn nínú ilé.

*Salmonella*

Salmonella Typhi ń fa ibà jẹ̀funjẹ̀fun, ibà ni ó sì ń kọ́kọ́ hàn sí ju gbuuru lọ. Ẹni tó ti san lè máa gbé e nínú àpò òróòro fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn Salmonella yòókù ń bá ẹyin, adìyẹ àti ẹran wọlé.

*Campylobacter*

Ara adìyẹ ló wọ́pọ̀ sí. Èkó ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ lé e lórí jù ní ilẹ̀ Yorùbá, láti ọwọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Akitoye Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìṣègùn ní Ìdí-Àràbà. Kì í hù níbi tí atẹ́gùn ọ́síjìn bá ti pọ̀, nítorí náà láàbù gbọ́dọ̀ sètò atẹ́gùn àkànṣe fún un. Níbi tí ètò yìí kò bá sí, wọn kò ní í rí i, kódà bí ìgbẹ́ náà bá kún fún un.

*Vibrio cholerae*

Onígbáméjì kì í gbé ìlú bí àwọn tó kù. Ó ń já wọlé bí olè ni. Ọdún 1970 ni àjàkálẹ̀ keje rẹ̀ dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 1991, ó pa ènìyàn 7,654 nínú 59,478 tí wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Àwọn tó ń gbé e láìṣàìsàn

Wọ́n lè rí kòkòrò tó ń fa gbuuru nínú ìgbẹ́ ẹni tí kò yàgbẹ́ gbuuru rárá. Èyí kì í ṣe ti Ifẹ̀ nìkan. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní GEMS, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2013, yẹ àwọn ọmọdé wò ní orílẹ̀-èdè méje ní Áfíríkà àti Éṣíà. Bámákò ní Màlì àti Basse ní Gáḿbíà ni ibùdó rẹ̀ ní apá ọ̀dọ̀ tiwa. Àwọn ọmọ 9,439 tí gbuuru ń ṣe gan-an ni wọ́n fi wé 13,129 tí kò ṣe. Wọ́n rí ó kéré tán kòkòrò kan lára ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń ṣàìsàn. Lára àwọn tí kò ṣàìsàn, ìdá 72 ni.

Ní Ifẹ̀, Babatunde Odetoyin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìyá àti ọmọ wò pọ̀, àbájáde wọn sì jáde ní 2016. Wọ́n bá E. coli tó ń fa àrùn nínú àwọn ọmọ, wọ́n sì tún bá a nínú àwọn ìyá. Ìyá tó ń se oúnjẹ, tó ń nu ìdí ọmọ, tó ń fi ìka tọ́ ògì wò bóyá ó ti lọ́ wọ́ọ́wọ́, lè jẹ́ ẹni tó ń gbé e. Ọmọ náà sì lè kó o ran ìyá. A kò gbọdọ̀ ka èyí sí ẹ̀sùn sí ìyá lọ́rùn. Inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, omi kan náà ni wọ́n ń mu, ibi kan náà ni kòkòrò sì ti ń wá bá àwọn méjèèjì.

Ìdí tí ara àwọn kan fi ń gbà á jẹ́ mẹ́ta. Èkíní, ẹni tó ti pàdé kòkòrò náà léraléra ní kékeré, ara rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Èkejì, ọmú ìyá ní ohun tó ń dáàbò bo ìfun ọmọ. Ẹ̀kẹta, iye tó wọlé lè má tó láti dáṣẹ́ sílẹ̀.

Ṣé EAEC ń fa àrùn lóòótọ́?

Lórí ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn onímọ̀ kò tíì fohùn ṣọ̀kan. Àwọn tó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe EAEC ní 1987, láti ara àwọn ọmọdé ní Santiago ní orílẹ̀-èdè Chile, rí i lára àwọn tó ń ṣàìsàn ju àwọn tí kò ṣe lọ. Ní Ifẹ̀ àti agbègbè rẹ̀, àwọn ọmọ tó ń yàgbẹ́ àti àwọn tí nǹkan kan kò ṣe ni wọ́n jọ ń gbé e.

Ní 1995, James Nataro àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn àgbàlagbà tó yọ̀ǹda ara wọn ní Amẹ́ríkà mu EAEC mẹ́rin tó yàtọ̀ síra. Ọ̀kan péré nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí tí wọ́n ń pè ní 042, ni ó mú kí èyí tó pọ̀ nínú àwọn tó mu ún yàgbẹ́ gbuuru. Àwọn mẹ́ta yòókù kọjá bí ẹni pé omi lásán ni. Ìwádìí tí Iruke Okeke, Adebayo Lamikanra, James Kaper, Nataro àti àwọn mìíràn ṣe lórí EAEC ọmọdé gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, tó jáde ní 2000, tọ́ka sí ọ̀nà kan náà: orúkọ kan ni wọ́n ń jẹ́, agbára wọn kò dọ́gba, nítorí jíìnì tó wà lọ́wọ́ èyí kò sí lọ́wọ́ ìyẹn.

GEMS kò ka EAEC mọ́ àwọn olórí ohun tó ń fa gbuuru líle. Ṣùgbọ́n ìwádìí MAL-ED, tó tẹ̀ lé àwọn ọmọdé láti ìbí ní orílẹ̀-èdè mẹ́jọ, rí i pé ọmọ tí EAEC bá ń gbé inú rẹ̀ kì í ga tó ẹgbẹ́ rẹ̀, bí kò tilẹ̀ yàgbẹ́. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé «ara rẹ̀ le» tí a ń sọ nípa ọmọ tó ń gbé e kò tíì pé ọ̀rọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé báyìí ni pé àwọn EAEC kan ń fa àrùn láìsí àníàní, àwọn kan jọ ayálégbé jẹ́jẹ́, ààlà tó wà láàárín àwọn méjèèjì kò sì tíì hàn kedere. Ẹni tó bá sọ pé gbogbo wọn ló burú ti sọ àsọdùn. Ẹni tó bá sọ pé kò sí èyí tó burú nínú wọn ti gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Jámánì ní 2011, èyí tí a ó dé láìpẹ́.

Àìgbóògùn

Nínú gbogbo ohun tí Ifẹ̀ fi kún ìmọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, èyí ló wúwo jù. Okeke, Fayinka àti Lamikanra kó E. coli 758 jọ, tí wọ́n yọ nínú ìgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní 1986, 1988, 1990, 1994 àti 1998, wọ́n sì dán oògùn apakòkòrò méje wò lára wọn. Mẹ́rin nínú oògùn náà ni tetracycline, ampicillin, chloramphenicol àti streptomycin. Ní 1986, ìdá 9 sí 35 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò gbóògùn mẹ́rin yìí, bí a bá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 1998, ó ti di ìdá 56 sí 100. Ọdún méjìlá péré ló wà láàárín.

Ẹ jẹ́ kí a rántí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí kò ṣàìsàn. Kò sí ẹni tó ń fi oògùn lé E. coli inú wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá lo tetracycline nítorí ọ̀fìnkìn, tàbí ampicillin nítorí inú rírun, ìfun rẹ̀ ni oògùn náà ń gbà kọjá. Kòkòrò tó rọ̀ á kú. Èyí tó le á kù, á sì gba àyè àwọn tó kú. Orí plasmid ni jíìnì àìgbóògùn sábà máa ń gùn, nítorí náà E. coli tí kì í ṣe ibi lè fi ta EAEC tàbí Shigella lọ́rẹ ní ọjọ́ tí èyí bá kọjá nínú ìfun kan náà. Ìfun ẹni tó dá ṣáṣá ti di àká tí àrùn ti ń lọ gba ohun ìjà.

Síprò, ìyẹn ciprofloxacin, kọ́kọ́ jẹ́ ibi ìsádi. Bí ó ti di ohun tí wọ́n ń tà káàkiri, bẹ́ẹ̀ ni E. coli tí kò gbọ́ ọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ẹgbẹ́ olùṣèwádìí kan náà fi èyí hàn nínú iṣẹ́ tó jáde ní 2011. Ní 2012, wọ́n tún fi hàn pé irú jíìnì kan tó ń dènà trimethoprim ń rìn láàárín E. coli Nàìjíríà àti ti Gánà, lórí ìjànjá DNA kan náà tó ń fò láti ibì kan sí ibòmíràn. Ẹnubodè kò dá a dúró.

Àwọn ohun tó ń fà á wà lójú pópó. Kẹ́míìsì ń ta kápúsù méjì, mẹ́ta, fún ẹni tí kò ní owó gbogbo rẹ̀. Oògùn tí oòrùn ti pa lórí igbá ń bẹ, ayédèrú ń bẹ. Ó sì dunni pé Flagyl ni ọ̀pọ̀ ń kì mọ́lẹ̀ bí gbuuru bá ti bẹ̀rẹ̀. Flagyl ń bá amíbà jà, ó sì ń bá bakitéríà tí kì í lo ọ́síjìn jà. Kò ní ìjà kankan bá E. coli.

Bí ó ṣe ń tàn kálẹ̀

Ìgbẹ́ sí ẹnu ni ọ̀nà rẹ̀, yálà nípasẹ̀ omi, ọwọ́, eṣinṣin tàbí oúnjẹ. Oúnjẹ tí a fi ń já ọmọ lẹ́nu ọmú, pàápàá ògì, ni ó yẹ kí a wò dáadáa.

Bí a bá rẹ àgbàdo fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, tí a lọ̀ ọ́, tí a fi asẹ́ sẹ́ ẹ, tí a sì jẹ́ kó sinmi, ògì á kan. Kíkan yẹn ni ààbò rẹ̀: àwọn onímọ̀ ní Èkó fi hàn ní 1991 pé kíkan ògì ń ṣàkóbá fún EPEC àti kòkòrò ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Omidùn, ìyẹn omi tó dúró lórí ògì, náà ní bakitéríà rere tó ń lé E. coli nínú láàbù. Èyí kò tíì tó láti fi í rọ́pò oògùn fún ọmọ tó ń ṣàìsàn.

Híhó ẹ̀kọ ń pa èyí tó bá ṣẹ́kù. Ẹ̀yìn híhó ni ewu ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀kọ bá gbóná jù, ìyá á bu omi kànga díẹ̀ lé e kó lè tètè tutù fún ọmọ. Á da ìyókù sínú kúlà di ọ̀sán. Nínú oúnjẹ tó lọ́ wọ́ọ́wọ́, E. coli lè di méjì láàárín ogún ìṣẹ́jú. Bí ẹyọ kan péré bá bá omi kànga wọ inú rẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀, tí kò sì sí ohun tó dí i lọ́wọ́, wọ́n lè ti di 32,768 kí aago kan ọ̀sán tó lù.

Ìtọ́jú àti ìdènà

Ohun tó ń pa ọmọ nínú gbuuru ni omi àti iyọ̀ tó ń bá ìgbẹ́ lọ. Dídá a padà ni ìtọ́jú. ORS, ìyẹn àpòpọ̀ iyọ̀ àti ṣúgà inú ọ̀rá tí a ń pò mọ́ omi, ló dára jù. Bí kò bá sí, ṣíbí ìpotíì ṣúgà mẹ́fà tí a fi nǹkan rẹ́ dọ́gba àti ìdajì ṣíbí iyọ̀ nínú lítà kan omi tí a ti sè tó tutù. Iyọ̀ kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síńkì mílígíráàmù 20 lóòjọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14 ń dín ọjọ́ àìsàn kù. Mílígíráàmù 10 ni ti ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Kí ọmọ máa mu ọmú lọ, kó sì máa jẹun. Bí ojú ọmọ bá ti jìn wọnú, bí kò bá lè mu omi, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn.

Oògùn apakòkòrò kì í ṣe fún gbogbo gbuuru. Ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, onígbáméjì líle àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun ni ó wà fún jù lọ, ó sì yẹ kí dókítà ló kọ ọ́.

Ọṣẹ àti omi lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀ àti ṣáájú oúnjẹ, ìdérí lórí kànga, ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́: wọ̀nyí ni ìdènà.

Ìtàn ìwádìí àti pàtàkì rẹ̀

Theodor Escherich, dókítà àwọn ọmọdé ní Jámánì, ni ó ṣàpèjúwe E. coli ní 1885. Kiyoshi Shiga rí Shigella ní Japan ní 1897. Títí di 1945, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé E. coli kò lè ṣe ènìyàn ní nǹkan nínú ìfun. Ọdún náà ni John Bray ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé ó ń pa àwọn ọmọ ọwọ́ nínú gbuuru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ní Nàìjíríà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti 1985, ni ó sọ omi oníyọ̀ àti ṣúgà di ohun tí ìyá kọ̀ọ̀kan mọ̀ ọ́n pò. Àsìkò yẹn náà ni Lamikanra, tó jẹ́ onímọ̀ nípa kòkòrò ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìpoògùn ní Ifẹ̀, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kó ìgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ jọ. Okeke gboyè ní ẹ̀ka kan náà, ó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ó sì padà wá sí Nàìjíríà, sí Yunifásítì Ìbàdàn. Ìwé tó kọ ní 2011, Divining Without Seeds, dá lé bí àìsí láàbù tó péye ṣe ń mú kí wọ́n máa fi àbá tọ́jú aláìsàn ní Áfíríkà.

Ọdún 2011 yẹn náà ni ohun tí ayé kà sí àrùn ọmọ tálákà dé Jámánì. EAEC kan tí wọ́n pè ní O104:H4 ti gba oró Shiga sára. Ó bá èéhù fenugreek wọ inú oúnjẹ, ó mú ènìyàn tó lé ní 3,800, ó sì pa àwọn tó lé ní 50, ọ̀pọ̀ wọn àgbàlagbà tó ti ń jẹun dáadáa látilẹ̀wá. Bí EAEC ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìfun bíi búlọ́ọ̀kù, tí wọ́n ti ń wò lábẹ́ maikirosíkóòpù láti 1987, di ohun tí gbogbo Yúróòpù fẹ́ mọ̀ lójijì.

Ohun tí iṣẹ́ Ifẹ̀ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ rọrùn láti sọ. Bí a bá dúró kí ọmọ yàgbẹ́ ká tó wá kòkòrò, a ti pẹ́. Ara àwọn 758 tí wọ́n yọ nínú ìgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ti rí i pé oògùn ń bọ́ lọ́wọ́ ìlú, nígbà tí àwọn tó ni ìfun náà ṣì ń jẹun, tí wọ́n ń kàwé, tí inú kankan kò run wọ́n.